Ibi tí ọ̀nà àpótí bluebird ti ṣẹ̀ wá

Bí yìnyín bá ti ń yọ́ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ aṣọ́ẹyẹ máa ń kọ́kọ́ gbé lé olùyọ̀ǹda-ara-ẹni tuntun lọ́wọ́ ni pé kó lọ máa bójú tó ọ̀wọ́ àpótí kan. Àpótí pákó ni, wọ́n tò ó tẹ̀lé ara wọn lẹ́bàá pápá fún bluebird, ẹyẹ kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ búlúù bí aró. Ọ̀nà bluebird ni wọ́n ń pe irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀.

Àìrílégbé ló bí i. Bluebird kò ní ẹnu tó lè gbẹ́ igi. Ihò tí àkókó gbẹ́ tó sì fi sílẹ̀ ló máa ń yé sí, tàbí ihò ara òpó ọgbà tó ti jẹrà. Ní 1851 ni wọ́n kó ológoṣẹ́ láti Yúróòpù wá sí Brooklyn. Ní 1890, wọ́n tún tú nǹkan bí 60 starling, ẹyẹ Yúróòpù mìíràn, sílẹ̀ ní ọgbà ìtura Central Park ní New York. Ihò kan náà ni ẹyẹ méjèèjì ń wá, ọwọ́ wọn sì le. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ wá ń fi òpó irin rọ́pò òpó igi, tí wọ́n sì ń gé igi tó ti kú kúrò lóko, ibi tó kù fún bluebird kò tó nǹkan mọ́.

Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń kan àpótí fún ẹyẹ, àmọ́ ẹyọ kan ṣoṣo ní àyíká ilé ni. Thomas E. Musselman, ará Quincy ní ìpínlẹ̀ Illinois, ló gbé e kúrò nílé: ní 1934 ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àpótí sẹ́bàá ọ̀nà oko, kí ẹnì kan lè máa yẹ gbogbo rẹ̀ wò ní ìrìn kan. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀ wà, torí àpótí tí kò ní olùbẹ̀wò, ológoṣẹ́ ni yóò fi bímọ. Ní 1959, ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé kan ní Brandon, ní Manitoba ní Kánádà, gbé iṣẹ́ náà dání. Lawrence Zeleny, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀, tó ní ọ̀nà tirẹ̀ ní Beltsville ní Maryland, kọ̀wé nípa rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn National Geographic ní 1977. Nígbà tó di 1978, ó dá ẹgbẹ́ North American Bluebird Society sílẹ̀.

Ihò ni kókó àpótí. Ínṣì kan àbọ̀ ni ìbú rẹ̀: bluebird gba ibẹ̀ wọlé, starling kò gba ibẹ̀. Ẹni tó bá lu ú tó ínṣì méjì, starling ló kọ́lé fún. Ilẹ̀ àpótí jẹ́ ínṣì mẹ́rin níbùú lóròó, pẹ̀lú ihò wẹ́wẹ́ ní igun kí omi lè jáde. A kì í kun inú rẹ̀ ní ọ̀dà, a kì í sì í kan igi ìbàsí sábẹ́ ihò. Ológoṣẹ́ nìyẹn ń ràn lọ́wọ́. Orí òpó irin tó ń dán ni kí ẹ gbé e kà, bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sókè, kí ẹ sì fi páànù fífẹ̀ ká òpó nísàlẹ̀ àpótí, kí ejò àti raccoon, ẹranko kan tó máa ń gun igi, má baà gùn ún. Àpótí tí wọ́n kàn mọ́ igi, àwo oúnjẹ raccoon ni. Ẹ fi 100 yáàdì sáàárín méjì, torí bluebird kì í gba irú ara rẹ̀ láyè nítòsí.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni àbẹ̀wò. Ẹ kan àpótí jẹ́jẹ́ kí ìyá lè jáde, ẹ ṣí i, ẹ kà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ tì í. Ìṣẹ́jú kan tó. Koríko wẹ́wẹ́ tí wọ́n hun bí abọ́, ti bluebird ni. Bí ẹ̀ka igi tíntìntín bá kún inú àpótí, ẹyẹ kékeré mìíràn tí wọ́n ń pè ní wren ló wà níbẹ̀, ẹ ti gbé àpótí sún mọ́ igbó jù. Koríko wúruwùru tó dàpọ̀ mọ́ ìyẹ́ àti bébà, ti ológoṣẹ́ ni: ẹ kó o dànù kíákíá, torí ológoṣẹ́ a máa sọ bluebird pa sínú àpótí. Àmọ́ kó dá yín lójú kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Òfin ẹyẹ aṣíkiri ti 1918 ní Amẹ́ríkà kò dáàbò bo ológoṣẹ́, ṣùgbọ́n ó dáàbò bo wren àti bluebird.

Ẹyin mẹ́rin tàbí márùn-ún ni, ọ̀kan lóòjọ́. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyá fi ń sàba. Ọjọ́ tí ẹyin bá pa ni kí ẹ sàmì sí, torí tó bá ti di ọjọ́ 13, a kì í ṣí àpótí mọ́. Ọmọ tí ìyẹ́ rẹ̀ kò tíì tó fò lè bẹ́ jáde nítorí ìbẹ̀rù, orí ilẹ̀ ni ilẹ̀ yóò sì ṣú u sí. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti fò lọ, ẹ kó ìtẹ́ àtijọ́ kúrò, kí ẹ gbọn ilẹ̀ àpótí mọ́, torí ìyá wọn sábà máa ń tún yé lẹ́ẹ̀kejì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan náà.