Bí ìṣirò ṣe ń wọn ìjáfáfá ilé iṣẹ́ tí èso rẹ̀ kò ní iye owó lọ́jà

Ká gbà pé ilé ìwòsàn alábọ́dé mẹ́rin wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní nọ́ọ̀sì mẹ́wàá. Láàárín oṣù kan, ilé ìwòsàn A fún ọmọ 200 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó sì gbẹ̀bí fún aboyún 20. B fún ọmọ 160 ní abẹ́rẹ́, ó gbẹ̀bí fún 50. C fún ọmọ 60 ní abẹ́rẹ́, ó gbẹ̀bí fún 70. Ti D jẹ́ ọmọ 88 àti aboyún 48. Ọ̀gá tó fẹ́ mọ èyí tó ń lo àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ dáadáa lè wo abẹ́rẹ́ nìkan, kó sì sọ pé C ló gbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ C yìí kan náà ló ń gbẹ̀bí jù. Tó bá wo ìgbẹ̀bí nìkan, A ni yóò dà bí ọ̀lẹ. Tó bá sì da méjèèjì pọ̀ mọ́ra, ó ti sọ láìfẹnu sọ pé abẹ́rẹ́ kan àti ìgbẹ̀bí kan jẹ́ ọgbọọgba, nígbà tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ń gbà, tí ìgbẹ̀bí kan sì lè gba gbogbo òru.

Bó bá jẹ́ ọjà ni wọ́n ń tà, owó ì bá ti parí ọ̀rọ̀ náà, nítorí ẹni tó ń ta aṣọ àti bàtà lè sọ méjèèjì di náírà, kó wo iye tó wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó ná. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ná ìgbẹ̀bí lọ́jà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ní ilé ẹjọ́ àti ní ilé ìkàwé. Ìṣòro yìí ni ẹ̀ka kan nínú ìmọ̀ operations research, èyí tí í ṣe ìmọ̀ fífi ìṣirò ran ìpinnu lọ́wọ́, wá ojútùú sí. Orúkọ ọ̀nà náà ni data envelopment analysis, tí wọ́n ń gé kúrú sí DEA.

M. J. Farrell, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Bìrìtìkó, ti gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1957. Ó dá a lábàá pé kí a má ṣe fi ilé iṣẹ́ wé àpẹẹrẹ pípé kan tó wà nínú ìwé nìkan, bí kò ṣe pé kí a fi í wé àwọn tó ń ṣe dáadáa jù nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ 48 ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló fi dán an wò. Ní ọdún 1978 ni Abraham Charnes, William Cooper àti Edwardo Rhodes sọ àbá náà di ìṣirò tó lè gba ohun àmúlò púpọ̀ (ohun tí ilé iṣẹ́ ń lò, bíi nọ́ọ̀sì) àti èso púpọ̀ (ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde, bí ìgbẹ̀bí) lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ ìwádìí tí Rhodes ń ṣe fún oyè ọ̀mọ̀wé ló bí i. Ètò Follow Through, tí ìjọba Amẹ́ríkà ń náwó sí fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí òbí wọn kò rí já jẹ, ló ń yẹ̀ wò. Nínú ìwé tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ jáde lórí rẹ̀ ní 1981, ibùdó ilé ẹ̀kọ́ 70 ni wọ́n gbé yẹ̀ wò, 49 nínú ètò náà, 21 lẹ́yìn òde rẹ̀. Ohun àmúlò jẹ́ márùn-ún, lára wọn ni ìwọ̀n ẹ̀kọ́ tí ìyá ọmọ ní àti iye olùkọ́. Èso jẹ́ mẹ́ta: máàkì ìwé kíkà, máàkì ìṣirò, àti bí ọmọ ṣe ń ka ara rẹ̀ sí. Ta ni yóò sọ iye dọ́là tí èyí tó kẹ́yìn yẹn jẹ́?

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọn kò yan òṣùwọ̀n kankan fún ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni a gbà láyè láti mú òṣùwọ̀n tirẹ̀ wá, ìyẹn ni pé kó fún èso rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye máàkì tó máa gbé e ga jù lọ. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: tí a bá fi òṣùwọ̀n kan náà wọn gbogbo àwọn yòókù, kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò kọjá 100 nínú 100. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá sọ fún oníbàárà pé kó gbé kóńgò tirẹ̀ láti ilé wá sọ́jà. Bí gàrí bá ṣì dín nínú rẹ̀, kò lè sọ pé kóńgò ìyá ọlọ́jà ló yí òun jẹ.

Ká gbé D sórí òṣùwọ̀n, kí a sì ka ẹni tí máàkì rẹ̀ bá ga jù sí 100. Bó bá ní kí abẹ́rẹ́ kan jẹ́ máàkì 1, kí ìgbẹ̀bí kan náà jẹ́ 1, A á ní 220, òun á ní 136, ìyẹn bíi 62 nínú 100. Bó bá ní kí ìgbẹ̀bí jẹ́ 10, C á ní 760, D á ní 568, tó jẹ́ bíi 75 nínú 100. Bó bá wá fi ìgbẹ̀bí sí 5, B á ní 410, C á ní 410, A á ní 300, D fúnra rẹ̀ á ní 328. Ìpín 328 nínú 410 jẹ́ 80 nínú 100. Kò sí òṣùwọ̀n mìíràn láyé tí D lè yàn tí yóò gbé e kọjá ibẹ̀. Èso méjì péré ni tiwa, èèyàn sì lè fi ọwọ́ wá a kiri bẹ́ẹ̀; nígbà tí èso bá di mẹ́jọ, tí ilé ìwòsàn di 300, linear programming ni kọ̀ǹpútà ń lò. Ìyẹn ni ìṣirò tó ń wá iye tó ga jù tàbí tó kéré jù láìrú òfin tí a gbé kalẹ̀, èyí tí George Dantzig wá ọ̀nà àtiyanjú rẹ̀ ní 1947. Ẹ̀ẹ̀kan fún ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ni a ń ṣe é.

Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ máa ń ní ojú kejì tó ń fúnni ní èsì kan náà, ojú kejì yìí ló sì wúlò jù fún ẹni tó fẹ́ ṣe ìpinnu. Tí a bá mú ìdajì iṣẹ́ B àti ìdajì iṣẹ́ C pọ̀, a óò rí ilé ìwòsàn àfojúinúwò kan tó ní nọ́ọ̀sì mẹ́wàá, tó fún ọmọ 110 ní abẹ́rẹ́, tó sì gbẹ̀bí fún aboyún 60. Ohun tí D ń ṣe jẹ́ 80 nínú 100 ìyẹn gẹ́lẹ́, ní ti abẹ́rẹ́ àti ní ti ìgbẹ̀bí. Nítorí náà ìṣirò náà kì í kàn fún D ní máàkì kó sì lọ. Ó ń sọ fún un pé B àti C ni kó lọ bẹ̀ wò, kì í ṣe A tí iṣẹ́ rẹ̀ kò jọ tirẹ̀. Ó tún ń sọ pé nọ́ọ̀sì mẹ́jọ ì bá tó fún iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́. Ohun tí yóò bá ní ọ̀dọ̀ B, ìṣirò kò mọ̀ ọ́n: ó lè jẹ́ bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ òru, ó sì lè jẹ́ fíríìjì abẹ́rẹ́ tí kì í bàjẹ́.

Ibi tí àwọn tó ń lo ọ̀nà yìí ti máa ń ṣìnà ni pé wọ́n ń ka máàkì 100 sí ẹ̀rí tó lágbára bíi máàkì 80. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tí a fún láyè láti yan òṣùwọ̀n tó wù ú, tí kò sì tíì kún, ẹjọ́ rẹ̀ ṣòroó rò. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba 100 lè jẹ́ ẹni tó kàn rí ibi kan fara pamọ́ sí. Ilé ìwòsàn A lè sọ pé ìgbẹ̀bí kò jẹ́ nǹkan kan, kó fún un ní máàkì òdo, abẹ́rẹ́ nìkan yóò sì gbé e dé 100, àní ká tilẹ̀ ní kò gbẹ̀bí fún ẹyọ aboyún kan. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ṣe ààlà fún òṣùwọ̀n, bíi kí àwọn agbẹ̀bí jọ fohùn ṣọ̀kan pé ìgbẹ̀bí kan kò gbọdọ̀ kéré sí abẹ́rẹ́ mẹ́ta. Bí àwọn tí a ń gbé yẹ̀ wò bá sì kéré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni yóò rí kọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ máa ń sọ pé kí iye ilé iṣẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta àpapọ̀ ohun àmúlò àti èso, ó kéré tán. Èyí túmọ̀ sí mẹ́sàn-án nínú àpẹẹrẹ wa, tí a sì ní mẹ́rin péré.

Àṣìṣe àkọsílẹ̀ tún burú níhìn-ín ju ibòmíràn lọ. Ká ní akọ̀wé B ló yí nọ́ńbà po, tó kọ 160 dípò 106. Nígbà tí a bá tún un ṣe, B yóò já sí bíi 96, D tí kò ṣe nǹkan kan yóò gòkè láti 80 sí bíi 87. Ẹni tó wà lókè ni gbogbo èèyàn ń fi ara wọn wé, nítorí náà ìwé rẹ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí a tó bá ẹnikẹ́ni wí.

Ọ̀rọ̀ ìtóbi náà wà ńbẹ̀. Ìṣirò ti 1978 gbà pé bí nọ́ọ̀sì bá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ náà yóò di ìlọ́po méjì. Banker, Charnes àti Cooper tún un ṣe ní 1984 kí ilé kékeré lè máa bá irú rẹ̀ figagbága.

Kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹnì kan ti ní láti pinnu ohun tó jẹ́ àmúlò àti ohun tó jẹ́ èso, kò sì sí kọ̀ǹpútà tó lè bá a ṣe é. Ẹ wo ilé ìfowópamọ́. Ṣé owó tí àwọn èèyàn kó wá pamọ́ jẹ́ ohun àmúlò tí báńkì fi ń yáni lówó ni, àbí èso iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó lọ wá oníbàárà kiri? Lẹ́yìn ìgbà tí àwọn báńkì Nàìjíríà dín kù láti 89 sí 25 ní òpin ọdún 2005, àwọn olùwádìí kan lo DEA láti wo ìjáfáfá wọn, ìbéèrè yìí sì ni ẹnikẹ́ni tó bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn. Báńkì kan náà lè wà lókè lábẹ́ ìdáhùn kan, kó sì wà nísàlẹ̀ lábẹ́ ìkejì.

Ibi tí gbogbo èyí ti di ọ̀rọ̀ owó gidi ni orílẹ̀-èdè Nọ́wè. Ilé iṣẹ́ tó ń pín iná mànàmáná kò ní abánidíje ní agbègbè rẹ̀, nítorí náà àjọ ìjọba tó ń bójú tó wọn ló ń pinnu iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, DEA sì ti wà lára ohun tí wọ́n fi ń pinnu rẹ̀ láti 1997. Ìnáwó ilé iṣẹ́ ni ohun àmúlò. Èso ni iye oníbàárà, gígùn wáyà iná alágbára àti iye ibùdó tíráńsífọ́mà. Nítorí pé wáyà tó gba inú igbó kọjá sábẹ́ yìnyín kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó wà láàárín ìlú, wọ́n tún ń ṣe àtúnṣe máàkì fún igbó, yìnyín, erékùṣù àti ìjì etí òkun. Àdánù tí àwọn oníbàárà ń rí nígbà tí iná bá lọ náà ni wọ́n ń kà mọ́ ìnáwó ilé iṣẹ́. Ẹni tó bá kọ̀ láti tún wáyà ṣe kí ìwé rẹ̀ lè dára yóò rí i pé owó tó rò pé òun fi pamọ́ ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà sínú ìṣirò.