Bí Òwú Ṣe Ń Tú Àṣírí Ẹ̀tẹ̀

Nígbà tí wọ́n ń dá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé lẹ́kọ̀ọ́ lórí àrùn awọ ara ní Mali, wọn ò kó gbogbo àrùn lé wọn lórí. Ìwọ̀nba tó ń gbé èèyàn wá jù ni wọ́n mú: egbò tó ń ṣọyún, kúrúnà, làpálàpá, àti èyí tí ara kọ ohun tó kàn án. Wọ́n wá fi ẹ̀tẹ̀ kún un. Ìbéèrè ni wọ́n sì fi ń kọ́ni, kì í ṣe orúkọ àrùn. Ṣé òru ló ń yún jù? Ta ló tún ń họra nínú ilé? Bó bá jẹ́ kúrúnà, gbogbo ará ilé ni yóò lo oògùn pọ̀, nítorí ọmọ tí wọ́n wò sàn yóò tún kó o lára ìyá rẹ̀.

Ẹ̀tẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n ètò yìí ti hàn. Èèyàn a wá pẹ̀lú àmì kan lápá, tó funfun díẹ̀ ju ara tó kù lọ. "Làpálàpá lásán ni, kò tiẹ̀ yún mi." Ọ̀rọ̀ yìí ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Làpálàpá dà bí olè aláriwo: ó wọlé, gbogbo ilé jí, onílé ń họra tọ̀sán-tòru. Ẹ̀tẹ̀ ní tirẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló kọ́kọ́ ń dì lẹ́nu. Ẹ̀ṣọ́ náà ni iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára. Bí iná bá wá jó onítọ̀hún lọ́wọ́, kò sẹ́ni tí yóò pariwo.

Nọ́ọ̀sì a lọ́ òwú díẹ̀ kó ṣe ṣóńṣó. A kọ́kọ́ fi kan ibi tí ara ti dá, lójú aláìsàn, kó lè mọ ohun tí wọ́n ń bi í. Lẹ́yìn náà, onítọ̀hún a di ojú, a máa fi ìka tọ́ka síbi tó bá ti mọ òwú lára. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà, ìka a lọ tààrà. Láàárín rẹ̀, ìka ò mira. Aláìsàn ṣì jókòó, ó ń retí kí wọ́n fọwọ́ kan òun.

Kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n lò. Oògùn ẹ̀tẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́, oṣù 6 tàbí 12 ni wọ́n ń lò ó. Ohun tó lè kù díẹ̀ káàtó ni bó bá jẹ́ pé nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló mọ àyẹ̀wò òwú yìí ṣe ní ilé ìwòsàn kan. Bí wọ́n bá gbé e lọ síbòmíràn, ìpara nìkan ni ẹni tó rọ́pò rẹ̀ yóò máa fún aláìsàn fi pa àmì náà, tí ọwọ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ká.