Ṣé lóòótọ́ ni ara ń mọ̀ pé láàbù ni nǹkan ti wá?

Ọ̀rọ̀ kan ti wọ ọ̀pọ̀ èèyàn lára: pé ohunkóhun tí onímọ̀ kẹ́mísírì bá fọwọ́ ara rẹ̀ tò pọ̀, ayédèrú ni, ara á sì mọ̀ ọ́n ní ayédèrú. Irọ́ ni. Láti ọdún 1828 tí Friedrich Wöhler, ará Jámánì, ti ṣe yúríà inú ìtọ̀ láìsí kíndìnrín ẹ̀dá kankan níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò ti ranlẹ̀ mọ́. Lójú tèmi, glycopeptide ló tú u fó jù.

Ègé pùròtéènì tí ṣúgà so mọ́ ni glycopeptide. (Kì í ṣe ṣúgà inú tíì o, ìdílé ṣúgà tóbi.) Sẹ́ẹ̀lì T, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun ara, kì í rí odidi pùròtéènì. Sẹ́ẹ̀lì mìíràn ló ń gé e wẹ́wẹ́, tó ń gbé ègé kan sórí àtẹ tí wọ́n ń pè ní MHC. Sẹ́ẹ̀lì T á wá fọwọ́ kàn án wò. Ìrísí rẹ̀ ló ń yẹ̀ wò, kì í bèèrè ilé tó ti wá.

Ṣúgà ẹyọ kan sì tó yí ìdájọ́ padà. Nínú eku tí wọ́n fi collagen irú kejì, pùròtéènì inú oríkèé, mú kí oríkèé wọn wú, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì T ló jẹ́ pé galactose, ṣúgà kan tó wà ní ipò 264 lára pùròtéènì náà, ni wọ́n ń wá. Bí kò bá sí níbẹ̀, wọn ò ní dáhùn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ti inú ara gan-an ló rú lójú. DNA kì í kọ ètò ṣúgà sílẹ̀ bó ṣe ń kọ ti pùròtéènì. Ẹ́ńsáìmù, pùròtéènì tó ń ṣiṣẹ́ kẹ́mísírì nínú ara, ló ń so ó mọ́ ọn: ẹ̀dà pùròtéènì kan gba ṣúgà mẹ́ta, èkejì gba ẹyọ kan, ẹ̀kẹta kò gbà rárá. Bí ẹ bá kó àdàlù yẹn fún sẹ́ẹ̀lì T, tó sì dáhùn, ta ló pè é?

Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ṣe ń ṣe glycopeptide fúnra wọn. Bruce Merrifield ló fi ọ̀nà náà hàn ní 1963, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1984: wọ́n á so ásíìdì amínò (èyí tí wọ́n fi ń to pùròtéènì) àkọ́kọ́ mọ́ hóró résìnì, wọ́n á máa fi ìyókù kún un lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Bó bá kan ibi tí ṣúgà máa wà, ìlẹ̀kẹ̀ tó ti ru ṣúgà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n á sín sí i. Ṣúgà lọ́wọ́ púpọ̀, wọ́n á ti wọ ìbọ̀wọ́ fún un, ìyẹn ni pé wọ́n á fi èròjà mìíràn bo ọwọ́ rẹ̀, kó má baà di ohun tí kò kàn án mú. Bíbọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn níkẹyìn gba sùúrù, torí alkali tó bá le jù lè fa ṣúgà já kúrò lára serine, ọ̀kan nínú àwọn ásíìdì amínò. Wọ́n á wá ṣe ìbejì rẹ̀ tí kò ní ṣúgà, wọ́n á sì gbé méjèèjì síwájú sẹ́ẹ̀lì T.

Ibi tí àwọn tó ń bẹ̀rù láàbù ti jàre díẹ̀ nìyí: bí ìdọ̀tí iṣẹ́ bá ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì lè bínú sí ìdọ̀tí náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sẹ́ ẹ, tí wọ́n sì ń wọn ìwúwo rẹ̀, kí sẹ́ẹ̀lì kankan tó fojú kàn án.