Bí IT àti project ṣe ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ báyọ́lọ́jì wọnú iṣẹ́ ìwádìí gan-an

Ní yunifásítì Nàìjíríà, ẹni tó bá ń ka báyọ́lọ́jì, ì báà ṣe botany, zoology, microbiology tàbí biochemistry, ọ̀nà méjì péré ló sábà máa ń rí gbà fọwọ́ ara ẹ̀ kan iṣẹ́ ìwádìí kó tó jáde: IT (Industrial Training, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́), àti project ọdún ìparí. Práktíkà inú kíláàsì ò sí nínú ẹ̀ o. Èyí tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀, ẹni tó kọ manual ti mọ ìdáhùn ẹ̀ tipẹ́tipẹ́, àti pé níbi tí gbogbo kíláàsì bá ti pé lé maikirosikóòpù kan, èèyàn mélòó ló fẹ́ rí nǹkan kan nínú ẹ̀ ná?

SIWES (Students Industrial Work Experience Scheme) lorúkọ tí IT ń jẹ́ nínú ìwé. Ọdún 1973 ni ITF (Industrial Training Fund, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́) dá a sílẹ̀, ìyẹn ọdún méjì lẹ́yìn tí ìjọba dá ITF fúnra ẹ̀ sílẹ̀, torí wọ́n rí i pé àwọn tó ń jáde ní ilé-ìwé gíga mọ ìwé ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ò mọṣẹ́. Oṣù mẹ́fà ni ti yunifásítì, oṣù mẹ́rin ni ti pólì. Ọ̀pọ̀ department sáyẹ́ǹsì máa ń fi sí 300 level, àwọn mìíì máa ń dúró di 400.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ọ́fíìsì SIWES ilé-ìwé á fún akẹ́kọ̀ọ́ ní lẹ́tà, akẹ́kọ̀ọ́ lá máa gbé e kiri fúnra ẹ̀ títí ibi kan á fi gbà á, ilé-ìwé kì í sábà bá èèyàn wá ibi tó máa lọ. Tí ibẹ̀ bá ti gbà á, wọ́n á kọ lẹ́tà ìgbàwọlé, ó dá a padà sílé-ìwé, ó gba logbook, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló yẹ kó máa kọ ohun tó ṣe sínú logbook yẹn kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ sì máa bu ọwọ́ lù ú lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ (àwọn tó máa ń dúró dìgbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó kọ ti oṣù mẹ́fà pọ̀ jọjọ, ojú lásán la sì fi ń mọ̀ ọ́n). Olùkọ́ láti ilé-ìwé á wá bẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tó bá parí, wọ́n á kọ Form 8 fún ITF, òun náà á kọ report, á sì gbé e kalẹ̀ níwájú department.

Ibi tó wá le ni ibi tí èèyàn máa lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń sá lọ sí láàbù ọsibítù tó bá súnmọ́ ilé wọn. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á wo ibà lábẹ́ maikirosikóòpù, wọ́n á ṣe Widal, ìyẹn àyẹ̀wò táífọ́ìdì, wọ́n á yẹ ìtọ̀ wò, lójoojúmọ́, títí oṣù mẹ́fà á fi pé. Kò burú, ọwọ́ á yá dáadáa. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò nìyẹn, kì í ṣe ìwádìí. Àyẹ̀wò ń lo ọ̀nà táwọn èèyàn ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ láti fi mọ ohun tó ń ṣe ẹnì kan. Ìwádìí ń bi ìbéèrè tẹ́nikẹ́ni ò tíì mọ ìdáhùn ẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé lẹ́tà lọ síbì kan, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn: kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀ tí wọn ò tíì rí?

Ìbàdàn nìkan, ilé-iṣẹ́ ìwádìí tó wà níbẹ̀ ò kéré. FRIN ń ṣiṣẹ́ lórí igbó àti igi, NIHORT lórí ewébẹ̀ àti èso, CRIN ní Ìdí-Ayunrẹ́ lórí kòkó, NACGRAB, tó ń tọ́jú oríṣi irúgbìn, sì wà ní Moor Plantation. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ní ilé ìpamọ́ irúgbìn tí oríṣi ẹ̀wà inú ẹ̀ lé ní 15,000. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ ò ṣeé tọ́jú báyẹn ní tiwọn, torí èyí tó bá hù látinú irúgbìn wọn kì í jọ ìyá ẹ̀, nítorí náà ọ̀mùnú ẹ̀ ni wọ́n ń gé tí wọ́n ń gbìn sínú ìgò kékeré, nínú agar tó dì bí ẹ̀kọ. Tá a bá kúrò ní Ìbàdàn, NIMR wà ní Yábàá fún ìwádìí àìsàn, ACEGID, tó ń ṣèwádìí àbùdá àwọn àìsàn tó ń ràn, sì wà ní yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, àwọn ACEGID yìí ló wà nídìí jínómù (àkọsílẹ̀ àbùdá) kòrónà àkọ́kọ́ tó jáde ní Áfíríkà, ní oṣù kẹta 2020.

Kẹ́ni kẹ́ni má rò pé wọ́n á gbé ẹ̀rọ PCR, tó ń sọ DNA díẹ̀ di púpọ̀, lé òun lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní o. Ìgò ló máa kọ́kọ́ fọ̀, á po agar, á sè é nínú autoclave, ìkòkò tó ń fi ooru pa kòkòrò, ní 121°C fún ìṣẹ́jú 15, á tún ìgò fọ̀. Ẹni tó bá fojú di ìyẹn ò mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, torí tí agar ò bá mọ́, gbogbo ohun tó bá hù lórí ẹ̀ irọ́ ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n bá rí i pé ọwọ́ ẹ̀ mọ́, ẹni tó ń ṣe Masters tàbí PhD níbẹ̀ á máa pè é kó wá mú nǹkan dání, láti ibẹ̀ ló ti máa mọ ìbéèrè tí wọ́n ń lé, ibẹ̀ náà sì ni project tó dáa ti sábà ń jáde.

Project ló kù. Supervisor ló máa ń fúnni ní àkòrí tàbí kó fọwọ́ sí èyí téèyàn gbé wá. Àkòrí ewé efinrin lórí bakitéríà ti sú èèyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ti kòkòrò ara owó náírà. Kò dìgbà téèyàn bá lówó kó tó ní ìbéèrè gidi. Ẹ gbé irú tá a fi ń se ọbẹ̀ yẹ̀ wò: irú tí wọ́n pọ́n sínú ewé àti èyí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, ṣé bakitéríà inú wọn ń pọ̀ bákan náà láàárín ọjọ́ méje? Akẹ́kọ̀ọ́ á wọn gíráàmù kan irú, á pò ó mọ́ omi tó ti sè nínú autoclave, 9 ml. Á fa 1 ml nínú ìyẹn sínú 9 ml mìíì, á máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí á fi dé ìgò kẹfà, tó túmọ̀ sí pé ó ti bomi là á ní ìlọ́po mílíọ̀nù kan. Á mú 1 ml nínú ìgò kẹfà sórí agar nínú àwo kékeré, á gbé e sínú incubator, àpótí tó ń mú nǹkan móoru, ní 37°C di ọjọ́ kejì, á wá ka colony tó hù, ìyẹn àwọn ojú àmì tí bakitéríà bá kóra jọ sí. Tó bá ka 84, mílíọ̀nù 84 ló wà nínú gíráàmù kan nìyẹn. Àwo mẹ́ta ló yẹ kó ṣe fún irú kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọ̀kan tí ò ní fi nǹkan kan sí, tí nǹkan bá lọ hù lórí ìyẹn, ìdọ̀tí ti wọ̀ ọ́, kó tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Tí NEPA bá mú iná lọ lóru tí incubator tutù, kó tún un ṣe náà nìyẹn.

Bench fee, ìyẹn owó ìlò láàbù, àti owó agar, àpò akẹ́kọ̀ọ́ ló sábà ń ti jáde, ìyẹn ló fà á táwọn kan fi ń sanwó fún láàbù ìta pé kí wọ́n bá wọn ṣe gbogbo ẹ̀, wọ́n á wá gba èsì tó ti tẹ̀ jáde. External, ìyẹn olùdánwò tó ń wá láti ilé-ìwé mìíì, ò ní bèèrè gírámà lọ́wọ́ irú wọn. Á kàn bi wọ́n pé kí ló dé tó jẹ́ ìgò kẹfà lo kà, kí ló dé tí o ò ka ìkẹta. Ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é mọ̀ pé tìkẹta ti pọ̀ jù, gbogbo ẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ra, kò ní ṣeé kà, torí àwo tó bá ní colony 30 sí 300 nìkan ni wọ́n ń kà.