Nígbà tí module bá kọ̀ tí kò wọ inú kernel

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni Linux ń kó sínú kernel, ìyẹn ọkàn ètò náà tó ń darí ẹ̀rọ. Ohun tó ń darí káàdì Wi-Fi tàbí ohùn sábà máa ń jẹ́ fáìlì ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń pè ní module, tí orúkọ rẹ̀ parí sí .ko, nínú /lib/modules, lábẹ́ fódà tó ń jẹ́ nọ́ńbà kernel náà gan-an. Àṣẹ modprobe ló ń lọ mú un wá, àmọ́ kernel ni asọ́bodè: òun ló ń yẹ module wò, òun ló sì ń dá a padà. Ìyẹn ló fà á tí gbólóhùn kúkúrú tí modprobe ń sọ fi máa ń ṣini lọ́nà. Ẹnu kernel ni kéèyàn ti gbọ́ ọ: sudo dmesg | tail, tó ń fi ìparí àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ kernel hàn.

Bó bá jẹ́ "not found" ni modprobe sọ, ọ̀rọ̀ ò tíì dé ọ̀dọ̀ kernel rárá. Inú àkọsílẹ̀ àwọn module tí àṣẹ depmod ń ṣe ni modprobe ti ń wá orúkọ, nítorí náà ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ da module síbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe depmod -a. Lórí Arch, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux, ohun tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n ti gba kernel tuntun, wọn ò sì tíì tún kọ̀ǹpútà tàn. Kernel àtijọ́ ló ṣì ń ṣiṣẹ́, fódà rẹ̀ sì ti kúrò lórí dísìkì. Kí wọ́n tún un tàn, ó parí.

"Invalid module format" ló máa ń dààmú èèyàn jù. Nínú dmesg, bó ṣe máa ń rí nìyí:

version magic '6.6.7-arch1-1 SMP preempt mod_unload ' should be '6.6.8-arch1-1 SMP preempt mod_unload '

Ẹyọ nọ́ńbà kan péré ló yàtọ̀, kernel ò sì gbà. Kò sì burú bó ṣe kọ̀: ètò inú kernel kì í dúró lójú kan, module tí wọ́n kọ́ fún ti tẹ́lẹ̀ lè lọ kọ nǹkan síbi tí kì í ṣe tirẹ̀, kí gbogbo ẹ̀rọ sì dákú. Àwọn kernel tí wọ́n kọ́ pẹ̀lú ètò modversions kì í tilẹ̀ wo nọ́ńbà yẹn; symbol kọ̀ọ̀kan, ìyẹn orúkọ ohun inú kernel tí module ń lò, ni wọ́n ń yẹ̀ wò, tí wọ́n á wá sọ pé module "disagrees about version of symbol". modprobe ní --force-vermagic, tó ń fojú fo àyẹ̀wò nọ́ńbà náà, fún aláìgbọràn, àmọ́ kéèyàn tún module kọ́ ló dáa. DKMS, ètò tó ń tún module kọ́, máa ń ṣe é fúnra rẹ̀ bí kernel tuntun bá dé, bí headers kernel náà (àwọn fáìlì tí wọ́n fi ń kọ́ module fún un) bá ti wà nílẹ̀. Bí wọn ò bá sí, kò rí nǹkan fi kọ́ ọ.

"Unknown symbol" sábà máa ń jẹ́ ti ẹni tó lo insmod, àṣẹ tó ń gbé fáìlì module kan ṣoṣo wọlé, torí pé insmod kì í pe àwọn module mìíràn tí èyí tó ń gbé wọlé gbára lé. modprobe ń pè wọ́n.

"Key was rejected by service" tàbí "Required key not available" jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí, Secure Boot, ètò ààbò tí kì í gba ohun tí wọn ò fọwọ́ sí, ló sì sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Àṣẹ mokutil --sb-state á sọ bóyá ó wà ní títàn. Wọ́n lè fọwọ́ sí module náà, kí wọ́n fi mokutil --import forúkọ kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi fọwọ́ sí i sílẹ̀, kí wọ́n sì tẹ́wọ́ gbà á nígbà tí wọ́n bá tún ẹ̀rọ tàn.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, lsmod, tó ń to àwọn module tó ti wọlé, á fi module hàn, síbẹ̀ Wi-Fi ò ní ṣiṣẹ́. Bí dmesg bá wí pé "Direct firmware load" kùnà pẹ̀lú error -2, module ò jẹ̀bi: fáìlì firmware, ìyẹn ètò tí káàdì náà fúnra rẹ̀ ń lò, ni kò sí nínú /lib/firmware.