Spíkà 10,000 wọ́ọ̀tì tí jẹnẹrétọ̀ kékeré ń gbé

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi o. Kí ẹnì kan ṣáà ti béèrè pé irú spíkà wo lòun lè rà sílé tí ò ní gbówó lórí jù, kíá ni ẹnì kan á ti yọjú, á ní "wo wọ́ọ̀tì tó wà lára páálí ẹ̀, èyí tó bá pọ̀ jù ni kó o gbé." Ẹlòmíì á ní kó gbé e wò, tó bá ti wúwo, ojúlówó ni. Ti wúwo yẹn ṣì ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ti wọ́ọ̀tì yìí ló ń bí mi nínú.

Pé 10,000 tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí kì í ṣòótọ́, mi ò rò pé ó yẹ ká máa jà lé ìyẹn lórí. Ẹni tó bá ti fi I better pass my neighbour tan home theatre rí ti mọ̀. Jẹnẹrétọ̀ yẹn ò lè gbé 1,000 wọ́ọ̀tì, tẹ́ ẹ bá ki àìróònù bọ̀ ọ́ ṣe ló máa dákẹ́, òun náà ló wá ń gbé spíkà 10,000, ó tún ń gbé tẹlifíṣọ̀n àti fáànù mọ́ ọn. Níbo ni 9,000 yòókù ti ń wá, ṣé ilé kejì ló ń bá wa tan án ni?

Ibi tọ́rọ̀ ti ń le ni ti àwọn tó máa ń sọ pé "PMPO ni, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń gbé e jáde, ìgbà tí bẹ́ẹ̀sì bá bú ni." PMPO yìí ni agbára tó ga jù tí wọ́n ní spíkà lè gbé jáde fún ìṣẹ́jú akàn. Ó dáa. Ẹ yí spíkà náà padà, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n máa ń kọ iye iná tó ń jẹ síbẹ̀, ó lè jẹ́ 40W. Tó bá jẹ́ ti adáptọ̀, ẹ fi fólítì ẹ̀ ṣe ìlọ́po áńpì ẹ̀: 12V, 2A, 24 wọ́ọ̀tì nìyẹn. Ohun tó ń wọlé nìyẹn, ohun tó ń jáde ò sì lè jù ú lọ torí ooru á ti mú lára ẹ̀. Wọ́n á ní kapásítọ̀, ẹ̀yà kékeré kan nínú ẹ̀rọ náà, ń tọ́jú iná pamọ́. Lóòótọ́, bí ẹni gbé garawa sábẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń kán tó-tó-tó, tẹ́ ẹ bá da garawa yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, omi á ya gbàà. Àmọ́ báwo ni garawa náà ṣe tóbi tó? Kapásítọ̀ 4,700 microfarad tí 24 fólítì wà lórí ẹ̀, iná inú ẹ̀ ò ju bíi 1.35 joule lọ (joule kan ni wọ́ọ̀tì kan fún sẹ́kọ́ǹdù kan). Tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ ná an ní 10,000 wọ́ọ̀tì, kò ní tó 0.0002 sẹ́kọ́ǹdù tó fi máa gbẹ. Ìró bẹ́ẹ̀sì 50 hertz, kó tó lọ kó bọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, 0.02 sẹ́kọ́ǹdù ló ń gbà. Á jẹ́ pé 10,000 yín ti tán kí kóònù spíkà, awọ tó ń mì yẹn, tó mọ̀ pé wọ́n ń bá òun sọ̀rọ̀.

Kò tiẹ̀ sí òdiwọ̀n kan tí gbogbo ayé fẹnu kò sí fún PMPO, ohun tó bá wu oníléeṣẹ́ ló lè kọ. Ní Amẹ́ríkà, láti 1974 ni òfin FTC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ní kí ẹni tó bá ń polówó ampílífáyà ilé sọ agbára tó lè gbé láìdáwọ́ dúró, èyí tí àwa ń pè ní RMS. RMS ni kẹ́ ẹ máa wá. Ìyẹn náà ò sì sọ gbogbo ẹ̀ o, torí ká sọ wọ́ọ̀tì di ìlọ́po méjì, 3 decibel (òdiwọ̀n ariwo) péré ló fi ń lé sí i, spíkà 50 wọ́ọ̀tì tí sensitivity ẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń pariwo tó lórí wọ́ọ̀tì kan, jẹ́ 89 á pariwo tó ti 100 wọ́ọ̀tì tó jẹ́ 86.

Ti wúwo: pátákó tó nípọn sàn ju rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gbọ̀n lọ, ìyẹn dájú. Àmọ́ mágínẹ́ẹ̀tì neodymium kéré, ó fúyẹ́, ó sì lè lágbára tó ferrite ńlá, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì dúdú tó wọ́pọ̀, irin transformer nìkan sì lè mú kí àpótí wúwo láìkan ohùn rárá.

Èmi o, àpàlà ni mo máa fi dán an wò, kí n sì tẹ́tí sí agídìgbo. Irin kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tiẹ̀. Tí gbogbo ẹ̀ bá ń dún "gbùm" kan náà, àpótí ló ń kọrin yẹn, kì í ṣe agídìgbo. Bóyá ẹlòmíì fẹ́ràn gbùm ṣá, ilé ẹ̀ ni, owó ẹ̀ sì ni.

Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá lọ sí Alábà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọjà fi orin tiẹ̀ dán an wò fún yín, torí orin tí spíkà yẹn mọ̀ ọ́n kọ ló máa gbé sí i. Kẹ́ ẹ sì gbé etí sún mọ́ àwọn spíkà kéékèèké iwájú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òmíràn wà tí wáyà kankan ò dé ìdí ẹ̀, wọ́n kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ fún ojú ni. Èyí tó tóbi tí ò ní wáyà lè jẹ́ passive radiator ní tiẹ̀, tó ń bá bẹ́ẹ̀sì mì, ìyẹn ò burú. Àmọ́ tweeter, spíkà kékeré tó ń gbé ohùn tínrín, tí ò bá sọ nǹkan kan, ẹ bi ọmọ ọjà léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀.