Akéde Tó Wà Lábẹ́ Tábìlì: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú DX Cluster ní Àbújá

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Alhaji tó ni ilé tí mò ń gbé ní Kubwa ti bi mí bóyá wáyà gígùn tí mo ta sórí òrùlé rẹ̀ kò ní pe àrá wá bá wa. Mo mú un lọ wo irin tí mo rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀. Ohun tí n kò tíì rí ọ̀rọ̀ fi ṣàlàyé fún un ni àpótí kékeré kan tí kò ju páálí sìgá méjì lọ, tó wà lábẹ́ tábìlì mi, tí iná ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú tọ̀sántòru. Mo sọ fún un pé akéde ni. Ó ní, "Ta ló rán an níṣẹ́?" Ìbéèrè yẹn gan-an ni iṣẹ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ni Alhaji fi bi mí.

Ham radio ni eré tí àwa kan ń ṣe. A gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, a ní rédíò tó ń gbọ́ tó sì ń sọ̀rọ̀, a sì ń fi bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wa káàkiri ayé sọ̀rọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Olúkúlùkù ló ní àmì-ìpè tirẹ̀. 5N ni ti Nàìjíríà fi ń bẹ̀rẹ̀. Adùn eré náà ni kéèyàn bá ibi tó jìnnà tàbí ibi tó ṣọ̀wọ́n pàdé lórí afẹ́fẹ́, èyí tí à ń pè ní DX. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run kì í ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo. Ìgbì mítà 10 lè gbé ohùn rẹ dé Yúróòpù ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kí o tó jẹ ẹ̀bà tán, ó ti pa dé. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ohùn láti erékùṣù kan tí kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ á yára ké sí àwọn yòókù: ẹ wá o, ó wà ní 14195 kHz. Igbe yẹn là ń pè ní spot. DX cluster sì ni ọ̀wọ́ kọ̀ǹpútà tó ń gba igbe náà, tí wọ́n ń gbé e fún ara wọn títí gbogbo ayé á fi gbọ́. Ibùdó là ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn; àpótí abẹ́ tábìlì mi jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Kí n tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, èyí tí mo tẹ̀ ní Kubwa ti dé Jàpáánù.

Ọ̀nà yìí ti wà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé ọ̀dọ̀ àwa mẹ̀kúnnù. Ní àwọn ọdún 1980 ni ará Amẹ́ríkà kan, Dick Newell, tí àmì-ìpè rẹ̀ ń jẹ́ AK1A, kọ PacketCluster, tó ń fi rédíò gan-an gbé ọ̀rọ̀ láti kọ̀ǹpútà dé kọ̀ǹpútà. Bó ṣe to ọ̀rọ̀ náà sí ni a ṣì ń tò ó lónìí: ìlà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PC àti nọ́ńbà, PC11 sì ni ti spot. Ní 1998, Dirk Koopman, G1TLH, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ DXSpider, sọ́fítíwíà ibùdó cluster tó fi Perl, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ. Èyí ni mò ń lò. Àwọn mìíràn wà, bíi AR-Cluster àti CC Cluster. Àyànfẹ́ ni, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ kan péré tó láti gbé DXSpider sórí Linux. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fáìlì tó ń jẹ́ DXVars.pm, níbi tí ẹ ó ti kọ àmì-ìpè ibùdó yín, orúkọ yín àti ibi tí ẹ wà. Àmì-ìpè ibùdó kò gbọdọ̀ bá ti ẹ̀yin fúnra yín dọ́gba. A sábà máa ń fi dáàṣì àti nọ́ńbà kún un. Fún ibi tí ẹ wà, ìlà-oòrùn kì í ní àmì ìyọkúrò, ìwọ̀-oòrùn ló ní in. Kubwa wà ní nǹkan bí 9.15 sí àríwá àti 7.3 sí ìlà-oòrùn. Ẹni tó bá da fáìlì ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà kọ, tó gbàgbé láti pa àmì ìyọkúrò tó wà níwájú rẹ́ kúrò lára 7.3, ti kó ibùdó rẹ̀ lọ sí Ivory Coast nìyẹn. Sáfà kò ní bá a jiyàn. Ọjọ́ tí oníbàárà, ìyẹn ẹni tó ń wọ ibùdó yín wá gba spot, bá tẹ sh/heading láti mọ ibi tí òun yóò kọ ojú ẹ́ríàlì sí ni ọ̀rọ̀ máa di ariwo. Àdírẹ́sì ímeèlì náà ní tirẹ̀: àmì àyọlò ẹlẹ́yọ kan (') ni kí ẹ fi yí i ká, torí bí ẹ bá lo oníméjì, Perl á rò pé nǹkan mìíràn ni @ túmọ̀ sí, sáfà náà kò sì ní dìde.

Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀lé e ni create_sysop.pl, tó ń ṣí àkọsílẹ̀ oníbàárà tó sì ń sọ yín di alámòójútó. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ ṣe é láyé yín. Bí ẹ bá tún un ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti ní oníbàárà, ó máa bi yín bóyá ẹ fẹ́ pa gbogbo àkọsílẹ̀ wọn rẹ́, ó sì máa ní kí ẹ RONÚ, pẹ̀lú àmì ìyanu mẹ́ta. Ẹni tó kọ ọ́ ti rí nǹkan. Ẹ máa fi export_users tọ́jú ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì gbé e sí ibòmíràn.

Ohun kan wà tó máa ń dùn mọ́ mi nínú sọ́fítíwíà yìí, tí n kò lè ṣàì sọ. Telnet, ọ̀nà àtijọ́ kan láti fi bá kọ̀ǹpútà tó jìnnà sọ̀rọ̀, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà wọ inú cluster, telnet kì í sì í bo ọ̀rọ̀ láṣìírí: ẹni tó bá ń yọjú lójú ọ̀nà á rí gbogbo ohun tí o tẹ̀. Nítorí náà, bí alámòójútó bá wọlé láti ìta, sáfà á gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, á sọ ọ́ di oníbàárà lásán. Bó bá fẹ́ gba agbára rẹ̀ padà, á tẹ sysop. Sáfà kò ní bi í ní ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Nọ́ńbà márùn-ún ló máa kó fún un, kó fi mú lẹ́tà márùn-ún jáde nínú ọ̀rọ̀ náà. Oódo ni ìkà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ ni eyinlohun. Bó bá ní 4 0 6 2 8, l, e, h, i, n lo máa tẹ̀. Àti pé o lè ri wọ́n sáàárín lẹ́tà mìíràn bó ṣe wù ọ́, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti tẹ̀ léra bó ṣe yẹ. Lọ́la, nọ́ńbà mìíràn ni. (Ẹ má lo eyinlohun o. Ẹ wá gbólóhùn gígùn tí kò sí nínú òwe ẹnikẹ́ni.)

Nígbà tí gbogbo ìyẹn bá ti tò, aago ló kù. Aago ló ń pa ibùdó púpọ̀ ju kòkòrò kọ̀ǹpútà lọ. Ọmọkùnrin kan tó ń kàwé ní Zaria, ọmọ Ìlọrin, pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó kí mi tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó ti so pọ̀ o, ṣùgbọ́n kò fọhùn." Mo ní kó tẹ links. Ibùdó méjì ló so mọ́ ọn, kò sí àléébù kankan. Mo ní kó tẹ sh/dx. Láti òwúrọ̀, spot tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Èmi tí mo jókòó sí Kubwa kò sì rí ọ̀kan nínú àwọn spot rẹ̀ náà.

"Aago mélòó ló wà lára ẹ̀rọ yẹn?"

"Mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ẹ̀gbọ́n."

Mo wo aago ọwọ́ mi. Mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ibẹ̀ gan-an ni àrùn wà.

Aago UTC, aago kan ṣoṣo tí gbogbo ayé jọ ń lò, ni cluster ń lò, wákàtí kan péré ni Nàìjíríà sì fi ṣíwájú rẹ̀, lẹ́ẹ̀rùn lójò. Ọmọ yìí rí i pé aago ẹ̀rọ òun fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí ti ọwọ́ òun, ó bá fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe, ẹ̀rọ náà sì ṣì gbà pé UTC ni. Láti ìgbà náà, gbogbo spot tó bá wọlé ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń wò bí ohun tó ti pẹ́ ní wákàtí kan, ó sì ń dà á nù. Èyí tí òun bá fi ránṣẹ́, àwọn ibùdó yòókù rí i pé ọjọ́ iwájú ló ti wá, àwọn náà ń dà á nù. Ṣe ni ó dà bí ẹni tó ń ná ọjà lọ́jọ́ tí kò sẹ́ni tó pàtẹ. Mo ní kó tẹ timedatectl set-ntp true, kó jẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì máa bá a ṣètò aago náà, kó sì tún cluster tan. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi ń pariwo sí mi létí.

Àrùn kan náà máa ń yọjú lọ́nà mìíràn lọ́dọ̀ àwa tí à ń lo kọ̀ǹpútà kékeré tó ń jẹ́ Raspberry Pi. Púpọ̀ nínú wọn kò ní bátìrì aago. Bí NEPA bá mú iná, tí iná dé padà, tí Pi sì jí kí ráútà tó jí, aago àná ló máa gbé dìde. Ẹ má ṣe jẹ́ kí cluster bẹ̀rẹ̀ títí aago á fi tọ́. Systemd, tó ń tan ètò lórí Linux, lè ṣètò ìyẹn fún yín.

Ó kan ìbéèrè Alhaji báyìí. Ta ló rán an níṣẹ́? Nínú PC11, àmì-ìpè ẹni tó ké igbe àti orúkọ ibùdó tó ti wá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè tẹ àmì-ìpè ẹlòmíràn bó bá wọlé sí ibùdó tí kò ní ìṣọ́. PC61 tó dé lẹ́yìn rẹ̀ máa ń fi àdírẹ́sì IP ẹni náà, nọ́ńbà tí íntánẹ́ẹ̀tì fi mọ ibi tó ti wọlé, kún un. Àtúnṣe gidi ni, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwa alámòójútó náà ni ojúṣe ṣì wà. Lójú tèmi, ibùdó tó gba àlejò láìbi í léèrè ń ba ilé gbogbo wa jẹ́. Ní Kubwa, n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ké igbe títí n ó fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú set/register, mo sì tan $main::reqreg sí 1 láti fi múlẹ̀. Fún ẹni tó ń ṣe bí kò ti yẹ, set/badspotter wà. Fún àmì-ìpè irọ́, set/baddx wà. Badword náà wà fún ọ̀rọ̀ èébú, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá kọ sínú rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Mo kọ́ èyí nígbà ìdíje kan tí ẹnì kan, tí n kò ní dárúkọ, fi èébú Yorùbá tó kúnná ránṣẹ́ sí àlàyé spot rẹ̀. Ó yí gbogbo ayé po. Àwọn ará Jámánì rò pé ìkíni ni. Bí ẹyin tó bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo jókòó, mo to èébú Yorùbá àti ti Hausa tí mo mọ̀ sínú àkójọ náà. Ìyàwó mi kọjá lẹ́yìn mi, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, kò bi mí ní nǹkan kan.

Asẹ́ tún wà, èyí tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan lè ta fún ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ igbe àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìkan lè tẹ accept/spots by_zone 35, torí nínú àwọn zone, ìpín tí àwa oní-ham pín ayé sí, 35 ni tiwa. Mo gba yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kọ́ àwọn oníbàárà yín ní èyí ṣáájú ohunkóhun. Ohùn tí wọ́n ń pariwo spot rẹ̀ ní àríwá Amẹ́ríkà kì í sábà dé etí rédíò wa ní Àbújá. Bákan náà ni ti Reverse Beacon Network, níbi tí ẹ̀rọ, kì í ṣe ènìyàn, ti ń gbọ́ tó sì ń ké. Ó wúlò, àmọ́ bí òjò àrọ̀ọ̀dá ló ṣe ń rọ̀. Ẹ má tan án fún ẹni tó ń fi owó ra dátà.

Dátà náà ni ìṣòro tó kù. SIM tí à ń lò kì í fún wa ní àdírẹ́sì IP tiwa. Bí ilé fésì-mí-àì-fésì-yú ni, gbogbo ayálégbé ló ń gba ẹnu ọ̀nà kan jáde. O lè jáde lọ bá ibùdó mìíràn, àlejò ni kò lè kan ilẹ̀kùn rẹ. Àwọn tó bá fẹ́ gba àlejò láti ìta máa ń háyà sáfà kékeré sí òkè òkun. Èmi ṣì ń lo àpótí abẹ́ tábìlì, fún àwọn ará àdúgbò tí a jọ ń lo nẹ́tíwọọ̀kì. Ìlà kan nínú crontab DXSpider, fáìlì iṣẹ́ tó ń bá aago rìn, pẹ̀lú start_connect, ń wò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá bóyá a ṣì so mọ́ ibùdó tó gbà wá. Bó bá ti já, ó tún pè é.

Bátìrì 12V kan ló ń gbé Pi àti ráútà dúró bí iná bá lọ. Bó bá kù díẹ̀ kó tán, mo máa ń tẹ announce láti sọ fún àwọn oníbàárà mi pé a fẹ́ pa á. Announce lásán ni o, kì í ṣe announce full. Ìyẹn á gbé e káàkiri ayé, kò sì sí ìdí tí ará Jàpáánù fi gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kò síná ní Kubwa. Lẹ́yìn náà mo tẹ shutdown, mo lọ sùn.